Ọ̀bẹ Tí Bàbá Àgbà Kò Pa Dé

Ọ̀bẹ kan wà ní ṣíṣí lórí tábìlì bàbá mi àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó wọ yunifásítì. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi jáde, tí mo ṣègbéyàwó, tí mo lọ ń kọ́ àwọn ọmọléèwé ní Ọ̀yọ́. Ní báyìí Bàbá ti kú, a ti sin wọ́n, àwọn àlejò ti lọ, ọ̀bẹ náà ṣì la ẹnu sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni wọ́n ní kí n wá kó yàrá náà, torí pé èmi ni Bàbá kọ́ ní ọ̀bẹ wíwò, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ejò wà nínú ilé.

Kí n tètè sọ pé aboyún ni mí. Ojo ni mí tẹ́lẹ̀ náà. Ìyá mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí adìyẹ bá húkọ́ lẹ́yìnkùlé, èmi ni n ó kọ́kọ́ sá wọlé. Ṣùgbọ́n oyún tún sọ ẹ̀rù náà di méjì, nítorí mi ò mọ̀ bóyá orí èmi nìkan ni ohun tí mo bá fọwọ́ kàn yóò já lé.

Ilé wa ní òfin kan. Ẹni tó bá ṣí ọ̀bẹ kíká, òun náà ni kó pa á dé. Bí ẹlòmíràn bá bá a pa á dé, onítọ̀hún ti gba ìjà rẹ̀ nìyẹn; wàhálà tó ń bọ̀ wá bá ẹni tó ṣí i, ilé ẹni tó pa á dé ni yóò yà sí. Òfin yìí kì í ṣe ti Ọ̀yọ́, kì í sì í ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá tó bí bàbá mi àgbà ló ń tọ́jú òdòdó nílé dókítà òyìnbó kan ní ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì láyé àtijọ́. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí Amẹ́ríkà, ó fún un ní ọ̀bẹ kíká kan, ó sì sọ fún un pé ní abúlé tòun, èèyàn kì í pa ọ̀bẹ tí ẹlòmíràn ṣí dé, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀. Bóyá ẹ̀rín ni òyìnbó fi sọ ọ́, a ò mọ̀. Bàbá ńlá wa gbé e délé, ilé wa sì sọ ọ́ di èèwọ̀.

Àǹtí Dọ̀káàsì, àkọ́bí Bàbá, díákónì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n ní àwọn ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti borí gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wá bá wa pa á dé nígbà náà. Wọ́n rántí pé àwọn gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n sì yára kúrò lọ́dọ̀ mi.

Àwọn tó mọ Bàbá lójú títì mọ̀ wọ́n sí awakọ̀. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, nínú bọ́ọ̀sì kan náà tí wọ́n ń kùn ní ọ̀dà tuntun bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù fún ọmọ. Àwọn ará àdúgbò ló sọ wọ́n ní Bàbá Ọlọ́bẹ. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni wọ́n ti ń béèrè ọ̀bẹ: lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó gbé iṣu wá, lọ́wọ́ opó tó ń kó ẹrù ọkọ rẹ̀ jáde, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Sábó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè Ọya dé. Ní Ọ̀yọ́, nítòsí Àkẹ̀sán, alágbẹ̀dẹ kan wà nígbà yẹn tó ń rọ ojú ọ̀bẹ, tó sì ń fi ìwo màlúù ṣe èkù rẹ̀. Bàbá a máa jókòó tì í títí àwọn èrò ọkọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọ̀bẹ kíká ni mo ń wí o, èyí tí irin rẹ̀ ń sùn sínú èkù, tí èèyàn lè kì bọ àpò. Ọ̀bẹ ìdáná ò kàn wọ́n rárá.

Bí ẹ bá gbé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ wá pé kí Bàbá bá yín wò ó, mímú rẹ̀ ni ohun tí wọ́n máa bi yín kẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sókè sí fèrèsé ní pípadé, láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín irin àti èkù kọjá. Wọ́n á mì í létí, torí bí ìṣó tó dè é bá ti yọ̀, á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Wọ́n á wò ó bóyá wọ́n ti pọ́n ọn jù, tí ojú rẹ̀ ti tín-ín-rín bí ewé àlùbọ́sà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á wá ṣí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á sì tẹ́tí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn ọ̀bẹ kíká tí à ń pè ní sípírín. Òun ló ń di ojú rẹ̀ mú. Bí sípírín bá lágbára, ọ̀bẹ á dún kó nígbà tó bá ṣí tán, á tún dún kó nígbà tó bá padé. Bàbá ní ọ̀bẹ náà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èyí tí kò bá sọ̀rọ̀, bó ti wù kó dán tó, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ọ̀bẹ ni wọ́n fi kọ́ mi. Àwọn ọmọkùnrin ilé wa ló fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á máa sọ ọ́ lu igi ìbẹ́pẹ kó lè rọ̀ mọ́ ọn. Ní tèmi, bí ojú ọ̀bẹ bá ti yọ báyìí, ọwọ́ mi á tutù. Bàbá rí i, wọ́n lé àwọn tó kù jáde, wọ́n sì ní kí n jókòó. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó jẹ́ èmi ojo ni wọ́n yàn. Wọ́n ní, "Ẹni tí ọ̀bẹ ò bá dẹ́rù bà, Àjíkẹ́, kò tíì mọ̀ ọ́n."

Ọdún Kérésì kan, Àǹtí Dọ̀káàsì fẹ́ ṣe oore. Wọ́n kó gbogbo ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ Ọ̀yọ́ sínú báfù, wọ́n fi kànìnkànìn onírin àti eérú gbo wọ́n, wọ́n wá tò wọ́n sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ń dán bí ṣíbí ìyàwó tuntun. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó dára. Ṣùgbọ́n dúdú tó wà lára irin àtijọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti bó o kúrò, kò sí ẹni tó tún lè sọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́. Bàbá wọlé, wọ́n dúró. Mo wo ojú wọn, mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rò pé ilé máa dàrú lọ́jọ́ ọdún. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọ̀kan wò, wọ́n gbé òmíràn, wọn ò sì jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Àǹtí bú sẹ́kún, Bàbá fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Wọ́n ní, "Kò burú, Dọ̀káàsì. Wọ́n á tún dàgbà, bí wọn ò tiẹ̀ bá mi láyé."

Ẹ̀rù mìíràn tí mi ò lè gbàgbé, ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló ti bà mí. Bàbá ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni a wọ̀, báàgì ọ̀bẹ sì wà lórí itan wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti gba ìlú kan. Àwọn ológun dá wa dúró, ọ̀kan nínú wọn ní kí Bàbá ṣí báàgì. Ìyá kan lẹ́yìn mi ń pe Jésù lábẹ́lẹ̀, ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń pe Ọlọ́run ní Lárúbáwá. Ológun náà mú ọ̀bẹ kan, ó ṣí i, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá nà án padà sí Bàbá ní ṣíṣí. Bàbá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," wọ́n ní, "ẹ̀yin lẹ ṣí i."

Kò yé ológun náà. Ìbọn wà léjìká rẹ̀. Mo ń fa aṣọ Bàbá, mo ń bẹ̀ wọ́n lábẹ́ èémí pé kí wọ́n gbà á. Wọn ò mira. Wọ́n ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́tù, bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kó dákun kó bá àwọn pa á dé fúnra rẹ̀. Ó wò wọ́n títí, mo sì rò pé ayé mi ti parí. Lẹ́yìn náà ló pa á dé, ó ju ọ̀bẹ sínú báàgì, ó ní bàbá yìí ti darúgbó jù, kí awakọ̀ máa lọ. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo bi Bàbá pé kí ló ṣe wọ́n gan-an. Wọ́n ní, "Bí mo bá bá a pa á dé, ṣé èmi ni n ó máa wá ja ìjà ológun?"

Ẹ lè rí i nínú ìyẹn pé Bàbá náà ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù wọn ní ibi tó mọ sí ni. Tèmi kò ní.

Màlámù Gàrùbá ni ọ̀rẹ́ wọn. Sábó ni wọ́n bí Màlámù sí, Yorùbá ẹnu wọn sì dán ju ti ẹlòmíràn tó bá wọn nílùú lọ. Wọ́n ń ta àgádágodo, tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀bẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ọ̀bẹ kíká tó bá ti òkè Ọya dé, Bàbá ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn. Àwọn méjèèjì lè jókòó láti ọ̀sán títí wọ́n á fi pe ìrun, kí wọ́n máa bú ọ̀bẹ ara wọn, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, mo wà nílé fún họlidé ilé ẹ̀kọ́ girama. Àlejò kan tó ń wá ohun àtijọ́ kiri ti Ìbàdàn wá. Màlámù yọ ọ̀bẹ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn lápò, èyí tí èkù rẹ̀ jẹ́ ìwo dúdú, wọ́n ṣí i, wọ́n gbé e sórí tábìlì Bàbá kí àlejò lè rí i. Wọn ò fẹ́ tà á. Wọ́n kàn fẹ́ kí àlejò yìn ín ni. Bàbá tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó láìfọwọ́ kàn án, wọ́n ní èkù yìí dàgbà ju irin rẹ̀ lọ, wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀. Àlejò gbójú kúrò, ó mú ọ̀bẹ mìíràn.

Màlámù dìde. Wọ́n ní ọ̀bẹ bàbá àwọn ni Àyìndé pè ní àdàmọ̀dì lójú àlejò. Àyìndé ni Bàbá. Màlámù nìkan ló kù tó ń pè wọ́n ní oríkì wọn. Wọ́n bọ́ sóde, ọ̀bẹ sì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Bàbá sáré tẹ̀ lé wọn dé géètì, mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni. Àṣé òfin ilé wa ni wọ́n rántí. Wọ́n kígbe lé wọn lẹ́yìn pé, "Gàrùbá, padà wá pa ọ̀bẹ rẹ dé."

Màlámù ò padà. Ẹni tó mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé wọn ò lè padà lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà ò sì lọ sí Sábó. Láti ọjọ́ náà, a ń gbálẹ̀ yíká tábìlì, a ń nu eruku yí ọ̀bẹ náà ká, a kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ yàrá. Àǹtí ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi abọ́ bò ó, Bàbá ní rárá. Èmi tí mo ń sùn ní yàrá kejì, mo máa ń lá a lálàá pé ó ń pa ara rẹ̀ dé, kó! mo sì máa ń fò dìde. Bàbá gbọ́ igbe mi lọ́jọ́ kan, wọ́n wá dúró tì mí. Wọ́n ní, "Irọ́ kọ́ ni mo pa fún Gàrùbá. Mo kàn yára sọ òótọ́ ni, ǹ bá ti jẹ́ kí àlejò lọ ná."

Ohun tí Bàbá ṣe fún mi ní Under G ni mo fẹ́ kí ọmọ inú mi gbọ́ nígbà tó bá dàgbà, bí ẹnu mi bá lè sọ ọ́ tán. Ibẹ̀, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mò ń gbé nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń dààmú mi. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ó wà nínú ẹgbẹ́ tí èèyàn kì í dárúkọ wọn sókè. Ó ní kí n fẹ́ òun, mo kọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Bàbá gbé gààrí àti ẹ̀pà wá fún mi, a dúró níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ti ń ra ìrẹsì. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe yọ sí wa nìyẹn. Ó ní òun ti sọ fún mi pé n ó kábàámọ̀. Ó ki ọwọ́ bàpò, ó yọ ọ̀bẹ kíká kan, ó ṣí i.

Àwọn tó ń jẹun sá, abọ́ ìrẹsì dà sílẹ̀. Èmi ò lè sá, ẹsẹ̀ kọ̀ fún mi. Ojú ọ̀bẹ yẹn nìkan ni mò ń rí, mi ò rí ohun mìíràn mọ́. Bàbá gbé gààrí sílẹ̀. Wọ́n rìn lọ bá a, wọn ò yára, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn irin náà, wọ́n sì tì í padà sínú èkù. Ọmọ náà ní láti tú ìka rẹ̀ kí irin má baà gé e, bí ọ̀bẹ ṣe bọ́ sọ́wọ́ Bàbá nìyẹn. Bàbá ní ó ti padé, kó máa lọ sílé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín, ó yí padà, ó lọ. Mi ò tún fojú kàn án mọ́ títí dòní.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìrẹsì. Bàbá ń gbé ọ̀bẹ náà yẹ̀ wò. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ nígbà tó ṣí i. Kò sọ̀rọ̀. Ká ní ọ̀bẹ gidi ni, Àjíkẹ́, n kì bá tí lè tì í."

Mo dúpẹ́, mo sunkún, mo tún dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí òfin. Mo gbójú sókè, mo rí i pé Bàbá náà ti rántí. Wọ́n ti pa ọ̀bẹ tí ẹlòmíràn ṣí dé. Wọ́n ní kí n má sọ fún Dọ̀káàsì.

Láti ìgbà náà, Bàbá yí àga wọn padà kó lè máa kọjú sí géètì. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Ó pẹ́ díẹ̀, mo ti ń rò pé ó ti kọjá, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni dókítà sọ. Wọ́n fẹ́ràn iyọ̀, wọn kì í lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni ó mú. Ọwọ́ tó pa á dé gan-an ni. Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń bà mí lẹ́rù? Mo ti ka ìwé, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, síbẹ̀ n ò lè jókòó ti bẹ́ẹ̀dì wọn kí n má wo ọwọ́ yẹn. Ìjà mi ni wọ́n gbà. Ìjà mi ló pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá ara mi sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú nìyẹn.

Kí wọ́n tó kú, nígbà tí ahọ́n wọn ti wúwo, mo béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ pa ti ọmọ yẹn dé lójú ẹsẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò pa ti Màlámù dé láti gbogbo ìgbà yìí?" Wọ́n ní, "Ti ọmọ yẹn, ìjà rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà. Ti Gàrùbá, n ò fẹ́ ìjà rẹ̀. Gàrùbá ni mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dìde níbi tí mo jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Sábó.

Irùngbọ̀n Màlámù ti funfun, àwọn ọmọ wọn ló ń tajà báyìí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú ìjókòó. Wọ́n dá mi mọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ nígbà tí a ti sin òkú tán, àwọn ò sì mọ ojú tí àwọn ì bá fi wọ ilé náà. Mo sọ fún wọn pé ọ̀bẹ wọn ṣì wà lórí tábìlì. Wọ́n ní kí n máa lò ó. Mo ní ó wà ní ṣíṣí. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n sì ní kí ọmọ wọn bá àwọn mú bàtà wá.

A jọ wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé Bàbá. Àǹtí Dọ̀káàsì ṣílẹ̀kùn fún wa pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n tẹ̀ lé wa dé ẹnu yàrá, wọn ò wọlé. Màlámù dé iwájú tábìlì, wọ́n dúró.

"Kò pa á dé?" ni wọ́n wí. Wọn ò wo èyíkéyìí nínú wa. "Mo ti ń rò pé ọjọ́ tí mo jáde gan-an ló pa á dé, tó jù ú sáàárín àwọn tó kù, tó gbàgbé mi."

Wọ́n jókòó sí àga Bàbá. Wọ́n wá sọ fún wa pé òótọ́ ni Bàbá sọ. Àwọn ni àwọn ṣẹ́ irin àkọ́kọ́ nígbà èwe, alágbẹ̀dẹ kan ní Ọ̀yọ́ ló bá àwọn rọ òmíràn sí i, bàbá àwọn ò sì mọ̀ títí ó fi jáde láyé. Kò sí ẹni tó mọ̀ láyé yìí. Àyìndé wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí i. Wọ́n ní ìtìjú ló gbé àwọn jáde lọ́jọ́ náà, àwọn kàn fi ìbínú bò ó ni.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tíì pa á dé. Ohun tó wà nínú mi kò lè dúró mọ́. Mo sọ ti Under G fún wọn, mo sọ ti ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo rẹ̀, lójú Àǹtí tí Bàbá ní kí n má sọ fún. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni mo pa wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí oyún inú mi. Àǹtí gbé ọwọ́ lé ẹnu. Màlámù gbọ́ mi títí mo fi dákẹ́.

"Wàláhì, mi ò mọ̀ bóyá òfin òyìnbó yẹn ń jà tàbí kò jà," ni wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n bó bá ń jà, Àyìndé mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, ó sì na ọwọ́ rẹ̀. Ìjà tó gbà fún ọ ti bá a wọ ilẹ̀. Má hú u."

Wọ́n ní kí n bu òróró wá. Irin náà ti dípẹtà, wọ́n kán òróró sí ìdí rẹ̀, a dúró kó wọlé. Ìka wọn ò lágbára mọ́, wọ́n sì kọ̀ kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n ti ẹ̀yìn irin náà, díẹ̀díẹ̀, èmi sì di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ mì. Ó dún kó. Mo sunkún bí ọmọdé. Màlámù gbójú sí ibi tí Bàbá máa ń jókòó tẹ́lẹ̀, kí àga tó kọjú sí géètì, wọ́n ní, "Àyìndé, má bínú. Mo pẹ́."

Wọ́n mú ọ̀bẹ wọn lọ. Lórí rọ́bà tábìlì, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ yàtọ̀ sí tó kù, ó rí gẹ́lẹ́ bí ọ̀bẹ tó la ẹnu. Àǹtí ní kí n máa kó àwọn yòókù lọ sí Ọ̀yọ́, pé àwọn ò ní fi kànìnkànìn kàn wọ́n mọ́ láéláé.

Ní ojú ọ̀nà, àwọn ológun dá ọkọ̀ wa dúró. Ọ̀kan ní kí n ṣí báàgì orí itan mi. Mo ní ọ̀bẹ bàbá mi àgbà ni. Ó mú ọ̀kan, ti alágbẹ̀dẹ Ọ̀yọ́, tó ti ń dúdú padà díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí i. Ọ̀bẹ náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ológun náà wá nà án sí mi, ojú ọ̀bẹ ń tàn. Ẹ̀rù bà mí dé ọ̀pá ẹ̀yìn, ọmọ inú mi pàápàá yí padà. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹ̀yin lẹ ṣí i."